Ẹni Tó Ń Sọ Pé Kò Yé Òun

Ọdún méjì péré ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí èmi àti rẹ̀ jọ wà ní kíláàsì kan náà, tí mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀ títí ọdún fi fẹ́ẹ̀ parí. Ọdún yẹn ni mo fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó bi mí o. Bí òun fúnra rẹ̀ bá gbọ́ pé mo ń sọ ọ́, yóò ní kí n lọ wá nǹkan gidi ṣe. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí, ó sì ti sú mi láti máa dá a gbé kiri.

Kí ẹ lè mọ irú ẹni tó jẹ́: ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀ tó bá ń rìn. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá wa, tó jẹ́ káfíńtà, máa ń sọ pé bí èèyàn bá tẹ ọmọ òun yìí lẹ́sẹ̀, òun náà ni yóò tún bẹ onítọ̀hún. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó tẹ̀ lé màmá wa lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ màmá sínú ìgò kékeré kan, obìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi fojú sí maikirosikóòpù rẹ̀. Ó parí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí iṣẹ́ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Òun náà fẹ́ di ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yẹn kì í gba ẹni tí kò bá yege nínú kẹ́mísírì, físíìsì àti báyọ́lọ́jì nínú ìdánwò kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá, ó yege nínú físíìsì, ó yege nínú báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì bọ́ sọnù. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ka sáyẹ́ǹsì lọ́dún náà, òun nìkan ni kẹ́mísírì já sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ ń jókòó láti kíláàsì àkọ́kọ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ó kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi fèsì, ó sì ń retí, mo ń wò ó bó ṣe ń retí, títí tí kò fi retí mọ́.

Bàbá wa ò pariwo. Ó jókòó sórí pákó kan ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbọn ìdọ̀tí igi kúrò lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ọdún kan sí i. Bí kò bá bọ́ sí i, wàá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń ṣe búrẹ́dì, kí o kọ́ ìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa yìí, ọ̀nà rẹ̀ jìn, kò lọ́kọ kò bímọ, búrẹ́dì nìkan ló sì mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa, bàbá." Ó wọlé lọ, ó ká gbogbo aṣọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó tún wọn tú, ó tún wọn ká.

Kíláàsì kan péré ló fi ṣíwájú mi tẹ́lẹ̀. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, kíláàsì wa ni wọ́n fi í sí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ojú ayé sì ń jẹ mí lógún ju oúnjẹ lọ. Mo ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí a jọ ń jókòó, tí a jọ ń fi àwọn tí kò mọ̀wé ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé àwa mọ̀ ọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí ilé ìwé, mo dúró. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, tí a bá dé kíláàsì, ẹ má ṣe bí ẹni tó mọ̀ mí."

Ó wò mí. Ó gbé báàgì rẹ̀ láti èjìká kan sí èkejì. Ó ní, "Ó dáa, Kékeré."

Mo wá yára lọ níwájú. Òun dúró síbẹ̀ títí mo fi jìnnà kó tó máa bọ̀. Ta ni mo rò pé mo ń tàn jẹ ná? Orúkọ bàbá kan náà ni wọ́n ń pè tẹ̀ léra wọn nínú ìwé ìpè láràárọ̀. Ojú wa jọra. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò fẹ́ mọ̀, àwọn náà gbà mí láyè láti má mọ̀.

Ó jókòó sí bẹ́ńṣì ìkẹyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni méjì ló yẹ kó máa jókòó síbẹ̀, àmọ́ òun nìkan ló wà níbẹ̀ títí dópin. Ìyá Kíláàsì ni wọ́n sọ ọ́. "Ìyá Kíláàsì, ṣé ẹ ti sin àwọn ọmọ yín dé ilé ìwé?" Báyẹn ni wọ́n ṣe máa ń kí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ló fún un lórúkọ yẹn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run forí jì mí.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní kẹ́mísírì, Ọ̀gá Ṣé-Ó-Yé-Yín la máa ń pè é lẹ́yìn. Kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kó má bèèrè, "Ṣé ó yé yín?" Àwa náà á sì pariwo pé, "Ó yé wa, sà!" kó lè tẹ̀ síwájú, kí aago lè lù, kí a lè jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ mólù, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn oníkẹ́mísírì fi ń ka ohun tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ó ní, "Ṣé ó yé yín?" A ní ó yé wa. Ohùn kan wá jáde láti ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́.

"Kò yé mi, sà."

Gbogbo wa yíjú padà. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí tábìlì. Ọ̀gá ní, "Ìwọ tó o ti gbọ́ ọ lọ́dún tó kọjá?" Ẹ̀rín bú. Ó dúró kí ẹ̀rín parí, ó ní, "Lọ́dún tó kọjá, mo sọ pé ó yé mi, sà. Kò yé mi." Ọ̀gá tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dára. Nígbà kejì yìí ni ọ̀rọ̀ náà wọ orí èmi gan-an, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé mo ti mọ̀ ọ́n láti inú ìyá mi wá.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò yéé rẹ́rìn-ín. Òun náà ò yéé dìde.

Ilé ni èmi àti rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ká sọ tòótọ́, a ò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé wa. Ohun tó sì fà á ni ìyà tí mo fẹ́ fi jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ọdún tó kọjá, ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń gbé kiri láti fi han àwọn yòókù. Báírò mẹ́rin ló ń lò: búlúù fún àlàyé, pupa fún àkọlé, dúdú fún àwòrán, aláwọ̀ ewé fún ohun tí kò gbọdọ̀ gbàgbé. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, á tún da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé mìíràn, kó lè mọ́ sí i. Òun rò pé ìyẹn ni ìwé kíkà. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń dà á kọ lọ, ó sì ń dí mi lọ́wọ́ orin tí mo ń gbọ́, nítorí kò fẹ́ ariwo. Mo já ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Ẹ dáhùn èyí ná. Kí ló dé tí irin tó wà nínú omi iyọ̀ fi ń yára dípẹtà ju èyí tó wà nínú omi lásán lọ?"

Kò gbà á. Mo bi í ní òmíràn, mo tún bi í ní òmíràn. Mẹ́wàá ni mo bi í, ọ̀kan ààbọ̀ ló gbà. Inú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kọ ni mo ti ń mú wọn jáde o. Mo ti ń múra láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo bá rí ojú rẹ̀. Ó gba ìwé náà padà, ó ń ṣí i wò bí ẹni pé ìwé ẹlòmíràn ni. Ó ní, "Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Orí mi ò sí níbẹ̀."

Ó kó báírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yòókù fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n fi wọ́n ya ohun tó bá wù mí.

Ìwé tuntun tó ṣí, ìbéèrè nìkan ló wà nínú rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti parí ní kíláàsì, kó tó dìde lórí bẹ́ńṣì, á kọ ìbéèrè mẹ́ta tí iṣẹ́ ọjọ́ náà dáhùn. Kò ní kọ ìdáhùn sí i. Mo rí i lójoojúmọ́ tó ń kọ ọ́, tí gbogbo wa ń sáré jáde lọ ṣeré. Tí a bá délé, tí a ti jẹun, tí a ti fọ abọ́, á gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, á jókòó sílẹ̀, á kọjú sí ògiri. Èmi á máa bèèrè. Tó bá gbà á, mo máa fi àmì kan sí i. Tí kò bá gbà á, á lọ wo ìwé, á padà wá sọ ọ́ fún mi lọ́rọ̀ ara rẹ̀. Àwọn tó gbà lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí n tún fi dán an wò ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Èmi máa ń ní, "Àǹtí mi, ẹ ti gba èyí kẹ̀!" Á ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbà á. Ṣé mo ṣì mọ̀ ọ́n lónìí?" Lọ́pọ̀ ìgbà, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Inú rẹ̀ kì í dùn sí i, àmọ́ kò parọ́ fún ara rẹ̀.

Tí mo bá ti sá lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi, màmá ló ń dúró ní ipò mi. Aránṣọ ni màmá wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní, màmá á sì máa ní "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n," pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ó dá ẹ̀rọ dúró, ó ní, "O ní iyọ̀ ti yọ́ sínú omi, ojú ò rí i mọ́. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"A lè tọ́ ọ wò, màmá."

"Bí omi yẹn bá wá jẹ́ omi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́ wò ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, kí a tó bọ́ aṣọ ilé ìwé, ó ti gbé omi iyọ̀ lé iná nínú ìkòkò kékeré kan, ó jẹ́ kó gbẹ títí, ó gbé ìkòkò náà wá fún màmá pẹ̀lú ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Màmá wò ó, ó ní, "Ṣé o ti wá jó mi ní ìkòkò báyìí?" Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí èsì ìdánwò ti jáde.

Ní ilé ìwé, kò sí ẹni tó bá a jẹun. Mo mọ̀ nítorí mo máa ń wò ó láti ọ̀ọ́kán. Ó kọ́kọ́ ń jẹun lórí bẹ́ńṣì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kó lọ sí láàbù, lọ́dọ̀ Bàbá Onígò. Arúgbó yìí ló ń tọ́jú gbogbo ohun èlò gíláàsì tó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń jẹun tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, á wá bá a fọ ìgò títí aago á fi lù. Bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀ ju pé, "Rọra," àti, "Tún un ṣàn." Àwọn méjèèjì bá ara wọn mu.

Nígbà tí ọdún ti dé ìdajì, ó ń fọ àwọn pípẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Pípẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn omi tí a fẹ́ dán wò. Bàbá Onígò bá pariwo mọ́ ọn, èyí tí kì í ṣe. Ó ní kó má kó wọn pọ̀, pé méjì láàárín wọn jẹ́ ti àtijọ́, ogún mílílítà ni wọ́n ń gbà, pé márùndínlọ́gbọ̀n ni àwọn yòókù ń gbà. Ó fi nọ́ńbà kékeré tó wà lọ́rùn ọ̀kan hàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ìdánwò inú láàbù ti ọdún tó kọjá, omi ásíìdì tó lò láti fi yí àwọ̀ omi tirẹ̀ padà jẹ́ mọ́kàndínlógún àti díẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Mẹ́rìnlélógún àti ààbọ̀ ni gbogbo wa ní o." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, mẹ́rìnlélógún àti ààbọ̀ ni gbogbo wọn. Ó pa tirẹ̀ rẹ́, ó kọ tiwọn. Àṣé pípẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Omi tirẹ̀ kéré sí tiwọn, ásíìdì tó máa lò gbọ́dọ̀ kéré sí tiwọn náà. Nọ́ńbà tó pa rẹ́ ló tọ̀nà. Nínú gbogbo láàbù, tiwọn tọ̀nà fún wọn, tirẹ̀ tọ̀nà fún un, òun nìkan ló sì lọ gba nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó délé, ó sọ ọ́ fún mi bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, ohùn rẹ̀ ò yí padà. Lẹ́yìn náà, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Mo ní, "Àǹtí mi." Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, inú ń bí mi sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn, inú ń bí mi sí òun náà, mi ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí inú bí mi sí ẹnì kẹta kan, èmi fúnra mi. Ní àárọ̀, mo rí ìwé pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àwọn àṣìṣe mi." Àkọ́kọ́ ni: "Mo pa ohun tí mo rí rẹ́." Ìwé yẹn gùn sí i bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Ibi tó ti ṣì ìṣirò, ibi tó ti gbàgbé apá kan ọkàn nígbà tó ń yà á láìwòwé, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń gbé èyí tí wọ́n ṣe dáadáa kọ́ sára ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé èyí tó bàjẹ́ kọ́, ó sì ń kí i láràárọ̀ kó tó jáde.

Mo ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Máàkì mi ń gòkè. Èèyàn ò lè bèèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ìdáhùn rẹ̀ má wọ òun fúnra rẹ̀ lórí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bi mí pé ta ni ó ń kọ́ mi nílé. Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan." Mo sọ ọ́ láìronú, òun sì wà ní bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, ibi tí etí rẹ̀ lè gbọ́ ọ.

Ọjọ́ ìdánwò inú láàbù dé. Bí orúkọ ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n ṣe tò wá, nítorí náà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ wà lórí tábìlì kan, òun lápá òsì mi. Àjèjì ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ wa, bàtà rẹ̀ ń ké bó ṣe ń rìn. Wọ́n ti sọ fún wa pé ẹni tí wọ́n bá ká ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu, wọ́n máa fagi lé ìwé rẹ̀.

Omi tèmi yí àwọ̀ padà. Mo wò ó: méjìlélógún àti díẹ̀. Àwọn tó wà níwájú ti ń fọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé méjìlélógún àti ààbọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń gba orí tábìlì kan dé èkejì. Inú mi dùn, mo bá wọn mu. Mo wá yọ́jú wo ẹ̀gbọ́n mi. Méjìdínlógún ló kọ. Ó ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lórí ara wọn, pẹ̀lú báírò: méjìdínlógún, méjìdínlógún, méjìdínlógún.

Mo mọ ọ̀rọ̀ pípẹ́ẹ̀tì yẹn o. Èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí mo ń ṣí láràárọ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù gbé gbogbo rẹ̀ kúrò lórí mi. Ohun tí mo rí ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa àti búrẹ́dì rẹ̀, mo rí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi lófìfo, mo rí bàbá wa lórí pákó. Mo tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ mú ìgò, mo ní, "Àǹtí mi. Méjìlélógún àti ààbọ̀ ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bàtà tó ń ké yẹn náà dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ò wò mí. Ó gbé pípẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo ọrùn rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fi ara rẹ̀ yí kúrò lọ́dọ̀ mi, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Bàtà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ.

Inú bí mi débi tí ojú mi ṣú. Mo fi ìwé mi wewu nítorí rẹ̀, ó wá kẹ̀yìn sí mi! Nígbà tí a jáde, ó ti wà níwájú, ó ń rìn lọ sílé. Mi ò sá tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń sọ pé Ìyá Kíláàsì tún ti ṣe é, pé méjìdínlógún ló kọ, ẹ̀rín sì ń pa wọ́n. Mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò sì gbèjà rẹ̀. A délé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a jẹun, kò sì gbé ìwé ìbéèrè lé mi lọ́wọ́ mọ́, nítorí ìdánwò ti parí.

Oṣù méjì ni a fi retí èsì. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó ń bá màmá gé aṣọ, ó ń gbálẹ̀ ibi tí bàbá ti ń la igi, ó sì ti ń dá nǹkan rẹ̀ sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò lára tèmi, bóyá ilé ẹ̀kọ́ ló ń lọ, bóyá ilé búrẹ́dì, èyíkéyìí tó bá jẹ́. Ó dá mi lójú pé ilé búrẹ́dì ni. Mo ti bínú sí i tán lọ́kàn mi, mo ti bá a kẹ́dùn tán.

Èsì jáde ní ọjọ́ Ẹtì kan. Èmi ni mo lọ wò ó, òun ò fẹ́ lọ. Mo wá orúkọ bàbá wa, mo rí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo yege. Ẹ̀gbọ́n mi yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́mísírì rẹ̀ ló sì dára jù nínú gbogbo ilé ìwé. Bàbá Onígò dúró lẹ́nu ọ̀nà láàbù, ó ní, "Mo ní kí wọ́n má kó àtijọ́ yẹn jáde. Pípẹ́ẹ̀tì ò kárí. Ta ni mo wá rí tó ń lò ó?" Ó ń mi orí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pípẹ́ẹ̀tì yẹn ti padà bọ̀ sí mi lórí.

Mo sáré délé. Bàbá wa ju òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Màmá dìde lórí ẹ̀rọ, ó gbá ẹ̀gbọ́n mi mọ́ra pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lọ́rùn, ó ń sunkún. Ilé dùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ díẹ̀, ó wọ yàrá lọ, mo tẹ̀ lé e. Ó ti ń kó aṣọ sínú àpótí. Mo jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ ò rí i pé mo fẹ́ẹ̀ kó yín sí wàhálà! Ká ní ẹ gba nọ́ńbà ọwọ́ mi ni ńkọ́?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì kan tán, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Ó ní, "Kékeré, gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń retí pé kí o bá mi sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kì í ṣe torí ìwé. Kí o ṣáà bi mí bóyá mo ti jẹun. Ọjọ́ tí o wá lanu, tí o pè mí ní Àǹtí rẹ níbẹ̀, nọ́ńbà ló tẹ̀ lé e."

Kò bínú, kò sì ní kí n tọrọ àforíjì. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá, mo gbé e fún un, a jọ ká ìyókù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa sìn ín dé ibùdókọ̀ tó ti máa wọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Bàbá gbé àpótí rẹ̀ sókè, màmá ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ wọ inú ọkọ̀ bá a jókòó díẹ̀ kó tó lọ, àmọ́ ọmọbìnrin kan tí a kò mọ̀ rí ti wà lórí ìjókòó náà. Mo dúró sábẹ́ fèrèsé. Mo rí i tí ọmọ náà yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, tó bi í ní nǹkan kan, tí ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Kí awakọ̀ tó ṣáná sí ọkọ̀, àwọn méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ lọ.